Ta Ló Ń Wòran?

Kò tóbi ju ọṣẹ dúdú tí a fi ewé wé lọ.
Lúkúmọ́nù ló rà á ní Ayétòrò, l'Ẹ̀pẹ́,
lọ́sẹ̀ tí àjọ kàn án.
Bàbá tẹ̀ lé e,
nítorí ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe
kì í gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀.
Ó ní kí wọ́n tàn án. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn,
ó ka ení, èjì, títí dé ọgọ́rùn-ún.
"Èyí gbóná. Ohun tí kò bá ríbi mí, kì í pẹ́ kú.
Gbé ìkejì wá."
Ìkejì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà wọ́n ju àkọ́kọ́ lọ.
Lúkúmọ́nù bèèrè bóyá ó ní ihò fún wáyà olórí mẹ́ta,
pupa, funfun, yẹ́lò,
torí tẹlifíṣàn wa fi ọdún mẹ́ta ṣe ẹ̀gbọ́n Ṣàhídù.
Ihò wà ńbẹ̀. Wọ́n sanwó.

Lálẹ́, àpótí bi wá léèrè: Ta ló ń wòran?
Ààyè orúkọ márùn-ún, àwa mẹ́fà.
Bàbá ní òun ò ní í jẹ́pè ohun tí kò tó ọṣẹ.
Mùínátù mú àwòrán ológbò, Ṣàhídù mú kìnnìún.
Ìyá ní ẹja ni kí a fi ṣe tòun;
kò sí ẹja, ó gba pẹ́pẹ́yẹ.
Èmi mú obìnrin kan tó wé gèlè.
Lúkúmọ́nù mú ojú búlúù kan tó ń rẹ́rìn-ín,
ó sì fi nọ́ńbà mẹ́rin ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọdé,
kí wọ́n má baà wọ inú fíìmù tí ìbọn ti ń dún.

A kọ́ bí a ṣe ń dín dídán àwòrán kù
kí dátà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lè bá wa dé ìparí oṣù.
Alẹ́ Jímọ̀, fíìmù kan péré.
Ìyá á máa ránṣọ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa,
a ó ní kó jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀,
á ní, "Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ni kó gbóhùn sókè."

Lẹ́yìn Iléyá ni Lúkúmọ́nù lọ.
Ó ní Kánò ni. Láti Kánò, ó ní Àgádẹ́sì.
Lẹ́yìn ìyẹn, kò wí nǹkan kan mọ́.
A pe nọ́ńbà rẹ̀ títí ó fi dẹ́kun dídún.
Bàbá ò dárúkọ rẹ̀.
Ó kàn ń nu eruku orí àpótí,
á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e
bí ẹni ń wò ó bóyá ibà ti lọ.

Oṣù kẹrin, Mùínátù ṣèèṣì tẹ ojú búlúù.
Fíìmù apanilẹ́rìn-ín tí ẹ̀gbọ́n wa wò dé ìdajì
láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ,
ìlà pupa abẹ́ rẹ̀ ò sí ní ìdajì mọ́.
Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin.
"Ìwọ lo wò ó?" "Èmi kọ́."
Ṣàhídù fi Kùránì búra.
Ìyá sọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó ní ká pa á, ká tún un tàn.
Ìlà náà ò padà sẹ́yìn.
"Ẹni tó ń wo àwàdà," ó ní, "eyín rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu."
Mo mọ̀ pé fóònù a máa bọ́ sọ́wọ́ olè.
Mo mọ̀ ọ́n. N ò sọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, àpótí kọ̀wé sójú ara rẹ̀:
Ẹnìkan ń lo àkáǹtì yín níbòmíràn.
Ṣé kí a lé e jáde?
Bàbá, ẹni tí kò jẹ́pè, gba rìmóòtù.
Ó wo bọ́tìnnì méjèèjì pẹ́,
ó tẹ Rárá.
Ó mú owó tó fẹ́ fi ra abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì,
ó fi san ti oṣù mẹ́ta sílẹ̀.

Fíìmù mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ lójú búlúù.
Lánàá, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Lónìí, mẹ́tàdínlógún.
"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ibẹ̀ ò dáa," ni Bàbá wí.